Kọ́: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Jọ Ní

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni ní Èkìtì, ìbáà jẹ́ ní Adó, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Àrámọkọ tàbí ní Ìjerò. Òbí tí ó ta iṣu oko rẹ̀ láti san owó ilé-ìwé a máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀dọ́langba níyànjú a máa fi ṣe ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi etí sí òwe náà dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó jẹ yọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìró kan náà àti àmì ohùn kan náà. Kọ́ ti àkọ́kọ́ wà fún ọmọ, kọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì wà fún ilé. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá òwe náà mọ̀ pé ẹni tí ó bá parí ọ̀kan tí kò ṣe èkejì, asán ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n kọ́ ní ìtumọ̀ mìíràn tí òwe náà kò mẹ́nu bà. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ, kí ni ọmọ náà ń ṣe? Òun náà ń kọ́. Olùkọ́ ń kọ́ ọ níwèé, òun náà ń kọ́ ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí sí méjì, ó fún ẹni tí ó ń fúnni ní ‘teach’, ó sì fún ẹni tí ó ń gbà ní ‘learn’. Yorùbá kò pín in. Ibi tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tiwa ti pàdé ọ̀rọ̀ méjì tiwọn ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ, bí wọ́n bá sì ti ṣubú níbẹ̀, ẹ̀rín ni a fi ń gbé wọn dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọkùnrin kan láti abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìyìn. Ẹmu ni bàbá rẹ̀ ń dá. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọdún kejì ní ilé-ìwé girama, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kí olúkúlùkù kọ àròkọ nípa ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún jùlọ. Ọmọ yìí yan bàbá rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ igbà wò fínnífínní kí a tó gbé e kọ́ ara ọ̀pẹ, bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pẹ kí ara má baà yẹ̀, àti ìdí tí a kì í fi í gun ọ̀pẹ ní kété tí òjò bá dá. Gbólóhùn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, ‘My father learned me how to climb palm tree.’ Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ‘learned me’, ó kọ ‘taught’ sí orí rẹ̀, ó sì ka gbólóhùn náà sókè kí gbogbo kíláàsì lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ‘Learned-me’ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí a tún fún wọn ní irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ní sáà tí ó tẹ̀lé e, dókítà kan tí kò fojú rí rí ni ọmọ náà kọ̀wé nípa rẹ̀. Àṣìṣe inú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí igbà níbẹ̀, kò sí ọ̀pẹ, kò sì sí bàbá.

A kò lè sọ pé olùkọ́ náà purọ́. Bí a ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lónìí, ‘taught’ ni ó tọ́, bí ó bá sì jẹ́ ìdánwò àṣekágbá ni, máàkì ni ìbá fi lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ yóò tún un ṣe. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni ibi tí ọmọ náà ti rí gbólóhùn rẹ̀. Kò rí i nínú àìgbọ́n. Inú èdè bàbá rẹ̀ ni ó ti rí i: ‘Bàbá mi kọ́ mi bí a ti ń gun ọ̀pẹ.’ Gbólóhùn yìí gún régé, kò sí onímọ̀ gírámà kan tí yóò fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀.

Báwo wá ni Yorùbá ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó ń fúnni ní ẹ̀kọ́ àti ẹni tí ó ń gbà á, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń lò? Àbọ̀ ni ó ń fi í hàn. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: ‘Òjó kọ́ Àìná ní ìṣirò’, àti ‘Òjó kọ́ ìṣirò.’ Nínú ti àkọ́kọ́, ènìyàn ni ó tẹ̀lé kọ́. Òjó ni olùkọ́. Nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, ohun tí a mọ̀ ni ó tẹ̀lé kọ́. Òjó ti di akẹ́kọ̀ọ́. Bí ènìyàn bá tẹ̀lé e, a ń fúnni. Bí ìmọ̀ tàbí iṣẹ́ bá tẹ̀lé e, a ń gbà. Òfin yìí rọrùn débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní Èkìtì kì í ṣì í lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í láti là á yé e.

Láti inú òfin kékeré yìí ni nǹkan ńlá kan ti jáde. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ nípa olùkọ́ kan pé, ‘He teaches mathematics’, kí gbólóhùn náà sì pé láìsí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ pé ‘Ó ń kọ́ ìṣirò’, ohun tí etí wa yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá fẹ́ kí ó di olùkọ́, àfi kí a wá ẹni tí ó ń kọ́ mú wọ inú gbólóhùn: ‘Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.’ Bí a kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ wọn, a ó fi ‘ẹni’ dí àlàfo náà, a ó ní ‘Ó ń kọ́ni ní ìṣirò.’ Nínú èdè wa, kò sí ìkọ́ni láìsí ẹni.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti lo ‘learn’ bí ọmọ Ìyìn náà ti lò ó. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó jẹ́ ìbátan ni wọ́n ní, ọ̀kan fún gbígba ẹ̀kọ́, èkejì fún kíkọ́ni. Àwọn ará Jámánì ṣì ní irú méjèèjì títí di òní, ‘lernen’ àti ‘lehren’. Nígbà tí ó yá, ti ìkọ́ni kú lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ‘learn’ sì gba iṣẹ́ rẹ̀ kún tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé wọn fi ń sọ pé ẹnì kan ‘learn’ ẹlòmíràn ní nǹkan, kí àwọn onígírámà tó ka irú ìlò bẹ́ẹ̀ sí èdè àwọn tí kò kàwé. Ó ṣì wà nínú àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ilẹ̀ wọn. Àwọn Faransé kò tilẹ̀ yà á sọ́tọ̀ rárá, nítorí pé ‘apprendre’ wọn ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí kọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ó ń fi Faransé kàwé, lè gbé èrò kan náà láti ilé lọ sí ilé-ìwé kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sí àárín wa ni ó sọ èrò kan náà di ọgbọ́n níhìn-ín, tí ó sì sọ ọ́ di àṣìṣe lọ́hùn-ún.

Bí a bá wá dé orí sípẹ́lì, ‘learn’ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà ‘r’ inú rẹ̀ kì í dún lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú London, kì í sì í dún lẹ́nu tiwa; nítorí náà ni ọmọ tí ó ń fi etí kọ̀wé fi ń kọ ‘lean’, èyí tí í ṣe fífi ara ti nǹkan. Nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ ‘learned’, àwọn ará Britain a sì máa lo èyí àti ‘learnt’. Bí a bá wá pe ‘learned’ ní sílébù méjì, ó di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé fún ẹni tí ó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀; òun ni àwọn agbẹjọ́rò fi ń bu ọlá fún ara wọn nílé ẹjọ́. ‘Learned’ kan náà tí a fi ń pọ́n agbẹjọ́rò lé ní Adó ni a fi sọ ọmọ adẹ́mu lórúkọ ẹ̀sín.

Síbẹ̀, àwa tí a ń fi sípẹ́lì ẹlòmíràn ṣẹ̀sín, báwo ni a ti ń kọ tiwa? ‘Ó kọ ìwé’, ‘ó kọ́ ìwé’, ‘ó kọ̀ ìwé’: ẹni kìíní jẹ́ òǹkọ̀wé, ẹni kejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni kẹta ni kò fẹ́ rí ìwé sójú rárá. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ènìyàn kan náà. Àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè àti akọ̀wé tí ó ń kọ lẹ́tà, ohùn àárín ni wọ́n jọ ń lò, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ tí ń fi ìlà àti oókan lélẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn pátákó tí ó wà lẹ́bàá títì ní ìlú wa: ‘Ile Eko’ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, láìsí àmì lórí, láìsí ìlà nísàlẹ̀. Àlejò tí ebi ń pa lè yà síbẹ̀ lọ ra ẹ̀kọ. Ẹlòmíràn lè rò pé ará Èkó ni ó ni ilé náà.

Àìsí ìmọ̀ kọ́ ni ó fà á, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń ṣe wàhálà lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ èdè náà. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ni ó kọ ìtàn bí Yorùbá ṣe di kíkọ sílẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1960. Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ jáde ní 1965, ìgbìmọ̀ ìjọba jábọ̀ ní 1966, a sì fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ òde-òní ní 1974. Gbogbo iṣẹ́ yìí ni a ti ṣe kí a má baà da ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rín lé ọmọ nítorí ‘learned’, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lè fi àmì sí orí ‘ẹ̀kọ́’, ó ń wo èérún igi ojú ẹlòmíràn.

Ọmọ Èkìtì sì ní ẹrù mìíràn tí ọmọ ibòmíràn lè má ní. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti kọ́ Yorùbá méjì. ‘Ulé’ ni a ń pe ilé lójúde bàbá rẹ̀, ‘uṣu’ ni a ń pe iṣu, ‘ùlú’ ni a ń pe ìlú. Nígbà tí ó dé ilé-ìwé ni ó tó mọ̀ pé ‘ilé’ ni ìwé ń pè é. Ó gba èyí láìjiyàn, ó ń fi ọ̀kan bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń fi èkejì dáhùn ìbéèrè olùkọ́. Ẹni tí ó ti ń gbé láàrin èdè méjì láti kékeré, tí kò sì ṣì wọ́n mú fún ara wọn, kì í ṣe olóríkunkun. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wá di ẹ̀kẹta, ó yẹ kí a lo ọgbọ́n tí ó ti ní tẹ́lẹ̀.

Ó ṣe pàtàkì kí a rántí irú ọwọ́ tí àwọn ènìyàn wa fi mú ẹ̀kọ́. Ní 1933 ni wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó, tí àwọn ọmọ láti gbogbo Èkìtì ń lọ kàwé níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, àwọn òbí tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fa ọmọ lọ́wọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga fásitì dé Adó ní 1982, ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ sì dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Àwọn ènìyàn a sì máa sọ ọ́ títí di òní pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni irè oko Èkìtì.

Ẹnì kan tí ó fi ìlò méjèèjì tí kọ́ ní hàn nínú ara rẹ̀ ni Afẹ́ Babalọlá, ọmọ Adó. Nígbà tí ó ṣe tán ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò rí owó tẹ̀síwájú sí girama. Ó ń fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ nínú ilé, ó ń jókòó fún ìdánwò lẹ́yìn ìdánwò, títí ó fi gba oyè ní Yunifásítì London láìkọ́kọ́ wọ girama rárá. Ó di agbẹjọ́rò ní 1963, ó sì dá fásitì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Adó ní 2009. Èdè wa sọ pé ó ‘kọ́ ara rẹ̀’. Ènìyàn ni ó tẹ̀lé kọ́, nítorí náà, olùkọ́ ni. Òun kan náà ni ó sì jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti mẹkáníìkì ní Ìjìgbò. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, títí ọjọ́ òmìnira rẹ̀ yóò fi pé, tí òun náà yóò sì gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nítorí pé ó kọ́kọ́ gé aṣọ wọ́. Ọ̀gá a gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, a fi bí a ti ń gé e hàn án, a sì dá a padà fún un.

Irú sùúrù yìí ni yàrá ìkàwé ń wá. Ní ilé-ìwé ọmọ adẹ́mu yẹn, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, àgbàlagbà kan tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, rí ìwé ọmọ náà lórí tábìlì, ó sì pe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

‘Àbúrò mi, àròkọ yìí dára o.’

‘Ó dára, sà, àfi gírámà rẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí n fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?’

‘Rárá o. Ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Bí ó bá sọ ọ́ tán, ẹ bi í pé kí ni ó tẹ̀lé kọ́. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, ẹ ní kí ó mú “teach”. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tàbí ìmọ̀, kí ó mú “learn”. Kò ní ṣì í mọ́ láéláé.’

Ìyáàfin náà dákẹ́ díẹ̀, ó dán an wò lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. ‘Ẹ ṣeun, sà. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí èmi náà wà ní girama.’ Ní ọjọ́ kejì, ó kọ gbólóhùn mẹ́fà sójú pátákó, mẹ́ta ní Yorùbá, mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ẹ̀kẹta hàn wọ́n pẹ̀lú: pé bí ‘learn’ bá jẹ́ ti ìròyìn tí ó ta sí ẹni létí, kì í ṣe kọ́ ni Yorùbá yóò lò bí kò ṣe gbọ́. Ọmọ Ìyìn ni ó kọ́kọ́ nawọ́ láti dáhùn.

Ohun tí àgbàlagbà náà ṣe kì í ṣe àdábọwọ́ tirẹ̀ nìkan. Láti 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 fi ọwọ́ sí èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà èdè ti 2022 fẹ́ kí ó gba ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òfin bá ti Yorùbá jáde ní ẹnu ọ̀nà, yóò ṣì wọlé nínú orí àwọn ọmọ, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń ronú kí wọ́n tó la ẹnu. Olùkọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n ni yóò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwa tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ wa ní orúkọ méjì tí a lè jẹ́. A lè jẹ́ olùkọ́, a sì lè jẹ́ olùkọ́ni. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà ní ìparí èkejì ni ó ń rántí ọmọ. Bí a bá wọ kíláàsì tí ohun tí a fẹ́ parí bá jẹ́ ìwé nìkan, gírámà àwọn baba wa ti dá wa lẹ́jọ́ tán: ẹni tí ó ń kọ́ ìwé, tí kò sí ẹnì kan tí ó ń kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà.